Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Gálákísì Lẹ́yìn Odi Ìlú Bìní

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá rí fọ́tò gálákísì ló máa ń rò pé ìjọba Amẹ́ríkà nìkan ló lè ya irú rẹ̀, pẹ̀lú awò awọ̀nàjíjìn tí wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé kọjá òfuurufú. Èrò náà kò yani lẹ́nu, nítorí fọ́tò awò Hubble àti ti James Webb ló ń dé ojú wa jù lọ. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní kámẹ́rà tòkunbọ̀ irú èyí tí wọ́n fi ń ya ìgbéyàwó, lẹ́ńsì kan tó dára, àti pákó méjì tí káfíńtà fi ìdè ilẹ̀kùn so pọ̀, lè jáde kúrò nílùú Bìní ní òru oṣù Kọkànlá, kó sì ya agbo ìràwọ̀ tó jìnnà sí wa tó 2,500,000 ọdún ìmọ́lẹ̀. Òkùnkùn àti àkókò ni iṣẹ́ náà ń béèrè ju ohunkóhun lọ. Owó ní ipò tirẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn àwọn méjèèjì yìí ló ń tò sí. Bákan náà, ibi tí ìlú Bìní wà lórí ilẹ̀ ayé fún un ní ojú ọ̀run tí àwọn ìlú tó lówó jù ú lọ kò ní.

Kí ni gálákísì, ta ló sì kọ́kọ́ fi kámẹ́rà mú un?

Gálákísì ni agbo ńlá tí àìmọye ìràwọ̀, gáàsì àti eruku kóra jọ sí, tí òòfà àárín wọn kò jẹ́ kí wọ́n túká. Oòrùn wa jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ìràwọ̀ agbo tiwa, èyí tí wọ́n ń pè ní Milky Way. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé ìràwọ̀ inú rẹ̀ á wà láàárín bílíọ̀nù 100 sí bílíọ̀nù 400, àti pé ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi 100,000 ọdún ìmọ́lẹ̀. Ọdún ìmọ́lẹ̀ jẹ́ òṣùwọ̀n ọ̀nà jíjìn: ibi tí ìmọ́lẹ̀, tó ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lè rìn dé láàárín ọdún kan gbáko. Gbogbo ìràwọ̀ tí ojú lásán ń rí lọ́kọ̀ọ̀kan ní òru, inú agbo tiwa ni wọ́n wà. Nítorí náà, nígbà tí a bá ya gálákísì mìíràn, àwọn ìràwọ̀ wínníwínní tó fọ́n káàkiri fọ́tò náà kì í ṣe tirẹ̀ rárá. Ará ilé tiwa ni wọ́n; ẹ̀yìn wọn lọ́hùn-ún réré ni gálákísì náà wà.

Andromeda ló súnmọ́ wa jù lọ nínú àwọn gálákísì ńlá, òun náà sì ni ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà. Abd al-Rahman al-Sufi, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Páṣíà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 964 pé àwọsánmà kékeré kan wà níbẹ̀. Ó lé ní 900 ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí àwọsánmà náà ṣe rí gan-an. Àwọn tó fi awò ńlá wò ó pàápàá kò rí i pé ó ní apá tó ń lọ́ yí àárín rẹ̀ po. Ẹni tó fi èyí han ayé kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Isaac Roberts ni, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ilé kíkọ́ ní Liverpool, tó ń fi owó ara rẹ̀ wo ìràwọ̀. Ní 1888, ó ṣí kámẹ́rà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lórí gíláàsì tí wọ́n fi oògùn fọ́tò kùn, ohun tí ojú kankan kò rí rí sì yọ síta. Òun fúnra rẹ̀ rò pé oòrùn tuntun kan ló ń dá lọ́wọ́. Ìgbà tó di 1923 ni Edwin Hubble, ní orí òkè Mount Wilson ní California, rí ìràwọ̀ kan nínú Andromeda tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ tó sì ń dín ní àkókò tó ṣe é kà, èyí tó jẹ́ kó lè ṣírò bí ó ti jìnnà tó. Ìṣirò náà sì fi hàn pé ìta agbo tiwa ló wà.

Ohun tí Roberts lò ni gbogbo ayàwòrán mọ̀: fọ́tò lè kó ìmọ́lẹ̀ jọ, ojú kò lè kó o jọ. Ìlú Bìní kì í ṣe àlejò sí iṣẹ́ yìí. Olóyè Solomon Osagie Alonge, tí wọ́n bí ní 1911, tó sì dá Ideal Photo Studio sílẹ̀ nílùú náà ní 1942, fi gíláàsì irú ti Roberts ya ààfin Ọba Bìní àti àwọn ará ìlú. Smithsonian ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní 2014. Ẹni tó bá ti lo irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, ṣe ni a ń jẹ́ kí ojú kámẹ́rà pẹ́ ní ṣíṣí. Fọ́tò gálákísì jẹ́ ìlànà yìí kan náà tí a fà gùn, láti ìṣẹ́jú àáyá títí dé wákàtí.

Kò kéré, kò kàn mọ́lẹ̀ ni

Àṣìṣe tó ń ná àwọn ènìyàn lówó jù ni èrò pé ohun tó bá jìnnà gbọ́dọ̀ kéré, àti pé ẹni tó fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ ra awò tó ń fa nǹkan súnmọ́ tòsí ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Andromeda fẹ̀ tó dígírì 3 lójú ọ̀run. Òṣùpá àránmọ́jú kò ju ìdajì dígírì lọ. Ìyẹn ni pé bí Andromeda bá mọ́lẹ̀ tó kí ojú wa lè rí gbogbo rẹ̀, a ó rí i pé ó gùn tó òṣùpá mẹ́fà tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àárín rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ nìkan ni ojú lásán ń rí ní ibi tó ṣókùnkùn, bí àbàwọ́n funfun kan tí ó rọ̀. Fífa nǹkan súnmọ́ kò ran èyí lọ́wọ́. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó wà nílẹ̀ ni yóò tún fọ́n ká sí ojú ibi tó fẹ̀ sí i, nǹkan náà á sì túbọ̀ ṣókùnkùn.

Ohun tó ń ranni lọ́wọ́ ni ẹnu lẹ́ńsì tó fẹ̀ àti àkókò. Bí ọmọlójú ènìyàn bá là tán ní òkùnkùn, kì í ju mìlímítà 7 lọ. Ẹnu lẹ́ńsì mìlímítà 135 tí wọ́n kọ f/2.8 sí lára fẹ̀ tó mìlímítà 48, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé tó ìlọ́po 47 ti ojú. Ojú kì í kó ìmọ́lẹ̀ jọ ju ìdá kékeré kan nínú ìṣẹ́jú àáyá kó tó pa á rẹ́, ṣùgbọ́n kámẹ́rà lè kó o jọ fún ìṣẹ́jú kan láìpa ohunkóhun rẹ́. Lẹ́ńsì yìí lórí kámẹ́rà tí sẹ́ǹsọ̀ rẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé, jẹ́ irú kékeré tí wọ́n ń pè ní APS-C ń rí ibi tó fẹ̀ tó dígírì 9 àti ààbọ̀, Andromeda yóò sì gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀. Fọ́tò tó kún ojú nìyẹn, láìsí awò awọ̀nàjíjìn kankan.

Ohun mìíràn wà tó mú kí gálákísì rọrùn fún ẹni tó ní kámẹ́rà lásán. Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà máa ń fi gíláàsì kan bo sẹ́ǹsọ̀ tó ń dí púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ pupa gáàsì háídírójìn, nítorí náà ẹni tó fẹ́ ya àwọn àwọsánmà pupa inú Milky Way sábà máa ń san owó kí wọ́n yọ gíláàsì náà. Ìmọ́lẹ̀ gálákísì kò rí bẹ́ẹ̀: ti ìràwọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì ní gbogbo àwọ̀. Kámẹ́rà bí wọ́n ṣe tà á ti tó.

Ojú ọ̀run tó wà lórí Bìní

Ìlú Bìní wà ní dígírì 6 àti díẹ̀ sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Ibi yìí ni mo rò pé àwọn ará Edo gbọ́dọ̀ fi ọkàn sí. Ní alẹ́ oṣù Kọkànlá, Andromeda ń gòkè dé dígírì 55 ní apá àríwá. Ní wákàtí kan náà gan-an, NGC 253, gálákísì ńlá tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ Sculptor, ń gòkè dé dígírì 58 ní apá gúúsù. Ẹni tó dúró sí Iguobazuwa ní ìpínlẹ̀ Edo lè ya èkíní, kó yí ẹ̀yìn padà, kó ya èkejì, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ga sókè ju èérí òfuurufú tó wà nítòsí ilẹ̀ lọ. Ní London, NGC 253 kì í ju dígírì 13 lọ, inú eruku àti iná ìlú ló ń rìn sí. Ní Paranal ní orílẹ̀-èdè Chile, níbi tí àwọn ará Yúróòpù kọ́ awò mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ju mítà 8 lọ sí, Andromeda ni kì í ju dígírì 24 lọ. Àwọn awò yẹn lágbára kọjá ohun tí a lè fi wé tiwa, ṣùgbọ́n agbára kò lè sún ìràwọ̀ kúrò ní ipa rẹ̀.

Òru wa náà ní àǹfààní. Kò sí ìgbà kankan nínú ọdún tí òru Bìní kò tó wákàtí mọ́kànlá àti ààbọ̀, bí oòrùn bá sì ti wọ̀, nǹkan bíi 70 ìṣẹ́jú ni ilẹ̀ yóò fi ṣú pátápátá. Ní London, láti ìparí oṣù Karùn-ún títí di àárín oṣù Keje, ojú ọ̀run kì í ṣú tán rárá, àwọn tó ń ya gálákísì níbẹ̀ á sì kó kámẹ́rà wọn sílẹ̀.

Àǹfààní yìí ní owó tirẹ̀ tí a ń san. Ìràwọ̀ Àríwá, tí àwọn ará Yúróòpù fi ń mọ ibi tí ayé ń yí sí, kò ga ju dígírì 6 lọ níbí. Ẹ̀yìn igi tàbí inú kùrukùru ló máa ń wà, ìwé ìlànà tó bá sì ní kí a kọjú ẹ̀rọ tó ń bá ìràwọ̀ rìn sí i kò wúlò fún wa. Àwọn ìdúró ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣe fún ìlú òyìnbó kì í tilẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ tó dígírì 6. Ẹni tó fẹ́ ra ọ̀kan ní láti béèrè èyí kó tó sanwó.

Àìsí iná kì í ṣe òkùnkùn

Wọ́n máa ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí iná NEPA kì í dúró, ojú ọ̀run Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn níbi gbogbo. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 fi hàn pé ó lé ní ìdá mẹ́ta àwọn ènìyàn ayé tí iná ìlú kò jẹ́ kí wọ́n rí Milky Way mọ́ láti ibi tí wọ́n ń gbé, Nàìjíríà kò sì sí lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá lọ ní àárín ìlú Bìní, jẹnẹrétọ̀ ni yóò tan ti ilé epo, ti òtẹ́ẹ̀lì àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Iná funfun tí kò ní ìbòrí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tó ń tàn sókè bí ó ṣe ń tàn sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà á kọlu eruku àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, á sì padà wá bá wa. Gálákísì kò lè bá a figa gbága. Ní apá gúúsù, iná gáàsì tí wọ́n ń sun níbi tí wọ́n ti ń fa epo ní agbègbè Niger Delta tún fi pupa kun ẹsẹ̀ ọ̀run láti ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ jáde ní Bìní, ìwọ̀-oòrùn tàbí àríwá ni kó dorí kọ.

Níhìn-ín náà, igbó dúdú kò túmọ̀ sí ibi tó dára. Okomu National Park, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ovia South-West, ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n igbó kìjikìji ni. Àwọn igi rẹ̀ bo ojú ọ̀run mọ́lẹ̀, ẹni tó wà lábẹ́ wọn kò lè rí ìràwọ̀ mẹ́wàá. Ibi tó ṣí sílẹ̀ ni a ń wá: pápá ilé ìwé, oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro, etí odò. Àwọn òkè àpáta Akoko-Edo, ní Igarra, Somorika àti Ososo, ni mo gbà pé ó dára jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Wọ́n ju 100 kìlómítà lọ sí àríwá Bìní, wọ́n ga, orí wọn ṣófo, wọ́n sì jìnnà sí iná gáàsì.

Àtakò tó tọ́ wà níbí, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un: ta ló fẹ́ wà nínú igbó ní agogo kan òru ní àkókò tí a wà yìí? Èmi náà kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó dá lọ. Kí a lọ ní ọ̀wọ́, kí a dé ojú ibẹ̀ ní ọ̀sán, kí a sì kí Odionwere, àgbà tó jẹ́ olórí abúlé náà, kí a tó gbé ohunkóhun sílẹ̀, nítorí àwọn àjèjì tó ń tan iná pupa kéékèèké nínú oko lóru yóò kó ìfura bá ẹnikẹ́ni. Nínú ọgbà Okomu, ìyọ̀ǹda àwọn alábòójútó ṣe pàtàkì. Bí ọ̀nà kò bá dára ní àsìkò kan, ọgbà ilé ìwé tó ní odi ní ẹ̀yìn ìlú, tí wọ́n lè pa iná rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, sàn ju òkè tó ṣókùnkùn jù lọ.

Èrò kejì tó ń tan àwọn ènìyàn ni pé àkókò ọyẹ́ ló dára jù, nítorí òjò kò sí, àwọsánmà kò sì pọ̀. Eruku ni ọyẹ́ ń gbé wá. Láti ilẹ̀ gbígbẹ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Bó bá sì pọ̀, ìràwọ̀ ńláńlá nìkan ló ń yọ, gbogbo ohun tó rọ̀ á pòórá. Àsìkò òjò náà kò rọgbọ: òjò tó ń rọ̀ sí Bìní lọ́dún lé ní mìlímítà 2,000, láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá sì ni èyí tó pọ̀ jù. Àárín méjèèjì ni ìkórè wà. Nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹwàá àti nínú oṣù Kọkànlá, afẹ́fẹ́ ti wẹ̀, eruku kò tíì dé. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá fọ eruku dànù ní oṣù Kẹta, òru tó tẹ̀lé ìjì lè mọ́ gaara. Ẹni tó bá tún yọ àwọn òru òṣùpá kúrò yóò rí i pé òru tó dára gan-an kò pọ̀ lọ́dún. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé àkókò ni olórí ohun èlò.

Iṣẹ́ òru náà

Ayé ń yí, nítorí náà ìràwọ̀ ń rìn ní dígírì 15 ní wákàtí kan. Bí kámẹ́rà bá dúró lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò mira, ìràwọ̀ yóò fa ìlà sínú fọ́tò bí ojú kámẹ́rà bá ṣí pẹ́ jù. Àwọn ayàwòrán máa ń fi nọ́ńbà 500 ṣe ìṣirò: wọ́n á fi gígùn lẹ́ńsì pín in, wọ́n á sì tún dín in kù bí sẹ́ǹsọ̀ bá kéré. Lẹ́ńsì mìlímítà 50 lórí sẹ́ǹsọ̀ APS-C yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 6. Ẹni tí kò ní ju èyí lọ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: kó ya fọ́tò ìṣẹ́jú àáyá 5 ní ọ̀nà 600, ó ti kó ìmọ́lẹ̀ jọ fún 50 ìṣẹ́jú. Andromeda yóò kéré nínú fọ́tò náà, àmọ́ yóò wà níbẹ̀.

Ohun tó sàn ju èyí lọ ni kí kámẹ́rà máa bá ìràwọ̀ rìn. Wọ́n ń ta ẹ̀rọ fún un, irú Star Adventurer ti Sky-Watcher, ṣùgbọ́n káfíńtà lè ṣe èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ará Scotland kan, George Haig, ló tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ní 1975. Pákó méjì ni, tí a fi ìdè ilẹ̀kùn so ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìdè yìí ni yóò dojú kọ ibi tí ayé ń yí sí. Kámẹ́rà wà lórí pákó òkè. Ìdè òòró tí wọ́n ń pè ní bóòtì M6, tí yíyí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ń sún un ní mìlímítà 1, ni yóò máa ti pákó òkè sókè. Bí a bá gbẹ́ ihò bóòtì náà sí mìlímítà 229 láti àárín ìdè ilẹ̀kùn, tí a sì ń yí i lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú ọwọ́ tàbí pẹ̀lú mọ́tò kékeré, pákó náà yóò máa ṣí ní ìwọ̀n tí ayé fi ń yí. Ní ilẹ̀ òyìnbó, wọ́n ní láti gbé gbogbo rẹ̀ dagun gan-an. Ní Bìní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀: ìdè náà kàn gbé orí sókè ní dígírì 6 sí àríwá. A ó fi kọ́ńpáàsì wá àríwá, a ó fi ìwọ̀n onígi àwọn bíríkìlà wo bí ó ti tẹ̀ sí, a ó wá ya fọ́tò ìdánwò kan. Bí ìràwọ̀ bá fa ìlà, a ó sún un díẹ̀ sí apá kan, a ó tún yà. Èyí gba sùúrù, ṣùgbọ́n kò béèrè pé kí a rí Ìràwọ̀ Àríwá.

Nípa kámẹ́rà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Kí fọ́tò jẹ́ irú RAW tí kámẹ́rà kò tíì ṣàtúnṣe sí, kí ISO, nọ́ńbà tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ga, wà ní 1600 tàbí súnmọ́ ọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 30 sí 60 ìṣẹ́jú àáyá bí pákó bá ń bá ìràwọ̀ rìn. Àmì tí wọ́n kọ sí ara lẹ́ńsì fún ibi tó jìnnà jù kì í sábà tọ̀nà; orí ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ ni a ti ń tún ojú lẹ́ńsì ṣe, lójú amóhùnmáwòrán kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà, títí yóò fi kéré tó bí ó ti lè kéré. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrì ni ọ̀tá. Ọ̀rinrin ilẹ̀ Edo pọ̀ débi pé gíláàsì lẹ́ńsì lè kún fún ìrì láàárín wákàtí kan láìjẹ́ pé ẹni tó ń yà á mọ̀. Ohun ìmúgbóná kékeré tí pàwà báǹkì ń gbé, tí a wé mọ́ ẹnu lẹ́ńsì, ló ń lé e. Ooru òru wa náà ń da kámẹ́rà láàmú, nítorí wúruwùru tí ooru ń dá sílẹ̀ nínú sẹ́ǹsọ̀ ń di ìlọ́po méjì bí ooru bá fi nǹkan bíi dígírì 6 tàbí 7 lé. Kí a tó kó ẹrù, kí a fi ìdérí bo lẹ́ńsì, kí a tún ya bíi 20 fọ́tò òkùnkùn ní àkókò kan náà àti ooru kan náà, kí kọ̀ǹpútà lè mọ èyí tó jẹ́ ti sẹ́ǹsọ̀, kó sì yọ ọ́ kúrò.

Fọ́tò 100 tó di ẹyọ kan, àti ìbéèrè nípa ẹ̀tàn

Ẹyọ fọ́tò kan ṣoṣo láti inú iṣẹ́ òru náà kì í dùn ún wò. Àbàwọ́n rírọ̀ kan ló máa wà láàárín, pẹ̀lú wúruwùru káàkiri. Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń di nǹkan ni títò gbogbo wọn lé ara wọn. Bí àgbà tó ń gbọ́ ẹjọ́ bá pe ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo, kò ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ àti èyí tó ṣì sọ. Bó bá pe ọgọ́rùn-ún, àṣìṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò yàtọ̀ síra, ohun tí gbogbo wọn rí ni yóò sì máa padà wá. Wúruwùru inú fọ́tò ń ṣubú sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ gálákísì ibì kan náà ló ń bà lé. Ìṣirò rẹ̀ dájú: fọ́tò 100 tí a tò lé ara wọn mọ́ ju ẹyọ kan lọ ní ìlọ́po 10, fọ́tò 400 ní ìlọ́po 20. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe é, bíi Siril àti DeepSkyStacker, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ sì lè gbé wọn bó bá ní àyè àti sùúrù.

Lẹ́yìn èyí ni a óò fa ibi tó ṣókùnkùn nínú fọ́tò náà sí ìmọ́lẹ̀, apá Andromeda yóò sì jáde, àárín rẹ̀ yóò ní àwọ̀ òféèfèé bí epo tó ti ṣá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò súnmọ́ àwọ̀ aró. Àwọn kan á ní ẹ̀tàn ni, pé àwọ̀ tí ojú kò rí kò sí. Ojú wa ni kì í rí àwọ̀ ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré jù. Aṣọ pupa inú yàrá tó ṣú kò tìtorí ìyẹn di eérú. Àwọn ìràwọ̀ àgbà ló wà ní àárín gálákísì náà, ara wọn ti tutù díẹ̀, nítorí náà wọ́n pọ́n. Àwọn ìràwọ̀ ọ̀dọ́ tó gbóná gan-an ni apá rẹ̀ fi ń dà bí aró. Àwọ̀ náà ń sọ ìtàn ọjọ́ orí wọn. Ẹ̀tàn wà lóòótọ́, mo sì rò pé ó yẹ kí a dárúkọ rẹ̀: kí ènìyàn kun ohun tí sẹ́ǹsọ̀ kò gbà, tàbí kí fóònù fi ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dípò ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ìlà tó pín wọn kò ṣòro. Ohun tí a fà jáde láti inú ìmọ́lẹ̀ tó wọlé jẹ́ fọ́tò. Ohun tí kò wọlé rí tí a rí nínú rẹ̀ kì í ṣe fọ́tò mọ́.

Kí ló kù láti rí?

Ẹni tó bá béèrè ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà nígbà tí awò Hubble ti ya gbogbo rẹ̀ tán kò tíì mọ bí awò ńlá ṣe ń ṣiṣẹ́. Ibi kékeré ni wọ́n ń wò, ní ìgbà díẹ̀, fún ẹni tó ti tò sórí ìlà. Ojú ọ̀run fẹ̀, ó sì ń yí padà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, Víctor Buso, tó ń fi awò tirẹ̀ wo ìràwọ̀ láti orí ilé rẹ̀ nílùú Rosario ní Ajẹntínà, ń ya gálákísì NGC 613 nígbà tí ìràwọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù nínú rẹ̀. Irú ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láti rí, ìwé ìwádìí Nature sì gbé e jáde ní 2018. Andromeda pàápàá, tí wọ́n ti ń yà láti 1888, kò tán nínú ohun rírí. Marcel Drechsler, Xavier Strottner àti Yann Sainty, àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí kankan, fi awò tí ẹnu rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 11 lọ kó ìmọ́lẹ̀ jọ fún ohun tó lé ní 100 wákàtí, wọ́n sì rí àwọsánmà gáàsì gbọọrọ kan lẹ́bàá rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà. Ìwádìí wọn jáde ní oṣù Kìíní 2023. Awò wọn kò tóbi. Àkókò wọn ló pọ̀.

Ẹni tó bá ti ya Andromeda àti NGC 253 ní oṣù Kọkànlá kò ní láti dúró di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá fọ ojú ọ̀run ní oṣù Kẹta àti Kẹrin, gálákísì M104 yóò gòkè dé dígírì 72 láàárín òru, gálákísì Centaurus A yóò sì dé dígírì 41 ní gúúsù, èyí tí àwọn tó wà ní London kò lè rí rárá. Àwọn méjèèjì kéré ju Andromeda lọ, nítorí náà wọ́n ń fẹ́ lẹ́ńsì tó gùn sí i àti pákó tí a tò dáadáa sí i. Èyí tó ṣòro jù ni Large Magellanic Cloud, gálákísì kékeré tó ń bá tiwa rìn, tó wà ní nǹkan bíi 163,000 ọdún ìmọ́lẹ̀. Ó fẹ̀ púpọ̀, lẹ́ńsì lásán sì tó fún un, ṣùgbọ́n kì í ga ju dígírì 14 lọ níbí, oṣù Kìíní tí ó ń gòkè dé ibẹ̀ ní agogo mẹ́wàá alẹ́ sì jẹ́ àárín gbùngbùn ọyẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ lọ ní ìdájí oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá dípò alẹ́ oṣù Kìíní, sí orí àpáta tí gúúsù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ dé ilẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí agogo méjì òru.